Dúróònù Dé Oko: Kí Ni Èrè Rẹ̀ fún Abiyamọ?

Bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà Ṣàngó-Ọ̀tà lọ sí ìhà Ìdírókò ní òwúrọ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ kò lójú ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ọkọ̀ akẹ́rù, èéfín, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ tí ń sáré kí aago ìwọṣẹ́ má baà lù mọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ó bá yà kúrò ní títì díẹ̀, ní ìhà Àtàn, Ìjú tàbí Ìgbẹsà, yóò rí i pé iṣẹ́ àgbẹ̀ kò tíì kú ní ilẹ̀ Àwórì. Ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, àgbàdo wà níbẹ̀, ewébẹ̀ sì wà létí omi: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti úgú, tí àwọn ìyá wa ń dì ní ìdì-ìdì lọ sí ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyàwó ilé kan ní irú oko bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ń dá oko ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ oṣù mẹ́jọ wà lẹ́yìn obìnrin náà, garawa omi wà lórí rẹ̀. Odò ni ó ti ń bọ̀, èyí sì ni ìgbà kẹfà tí yóò lọ tí yóò bọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọkọ rẹ̀ gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fọ́n oògùn sí àgbàdo tí kòkòrò ti dà bo. Lójijì ni atẹ́gùn yí padà, òórùn oògùn náà kọjú sí wọn, ọmọ ẹ̀yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá ọkọ tí ó jókòó lábẹ́ igi figbe ta: "Ìyàwó mi, gbé ọmọ yẹn kúrò níbẹ̀ o!" Obìnrin náà kúnlẹ̀ sọ garawa kalẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, bí mo bá kúrò, ta ni yóò pọnmi?"

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ, kò sí ẹni tí ó dá oko rí nínú wa tí kò mọ irú ìbéèrè yìí. Nítorí náà, nígbà tí a gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà nísinsìnyí tí ń fò lókè tí ó sì ń fọ́n oògùn sí oko láìsí ẹni tí ó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, a rò pé ó yẹ kí a wo ọ̀rọ̀ náà finnífínní. Ṣé òótọ́ ni pé ó dára fún ilẹ̀ àti omi? Kí ni yóò sì ṣe fún ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n?

OMI TÍ A Ń RÙ

Pọ́ǹpù tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ń lò máa ń gba omi bíi lítà 15 sí 20. Bí a bá fẹ́ fọ́n oògùn sí ilẹ̀ hẹ́kítà kan, èyí tí ó tó éékà méjì àbọ̀, omi tí a óò pò pọ̀ mọ́ oògùn náà sábà máa ń tó lítà 200. Bí pọ́ǹpù náà bá ń gba lítà 16, ó di ìgbà méjìlá tàbí mẹ́tàlá tí a ó rọ omi kún un. Lítà omi kan wọn kílò kan. Èyí ni pé igba kílò omi ni ẹnì kan ní láti gbé láti odò tàbí kànga dé ẹ̀bá oko, kí ẹlòmíràn tó gbé e kọ́ ẹ̀yìn rìn láàárín ebè.

Ta ni ẹni tí ń ru omi yìí? Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó ni, tàbí àwọn ọmọ tí ó yẹ kí wọ́n wà nídìí ìwé wọn. Ẹni tí ń pọnmi ni ó sì ń dúró ti ẹni tí ń po oògùn. Òun ni ó ń di ẹnu pọ́ǹpù mú, òun ni oògùn ń ta sí lára, òun náà ni yóò sì fọ aṣọ tí oògùn ti rin gbingbin nígbà tí wọ́n bá délé. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé oògùn apakòkòrò lè ṣe ọmọdé ní ìjàǹbá ju àgbàlagbà lọ, nítorí pé ara rẹ̀ kéré, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Ìwọ̀nba tí baba yóò sín lé lórí tí yóò sì gbàgbé lè pọ̀ jù fún ọmọ ẹ̀yìn.

KÒKÒRÒ TÍ Ó SỌ OÒGÙN DI DANDAN

A kò gbọdọ̀ dá àgbẹ̀ lẹ́bi kí a tó mọ ohun tí ó ń bá a jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni àwọn onímọ̀ kòkòrò ní ilé ìwádìí IITA rí kòkòrò ajàgbàdo kan tí a kò rí rí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì rí i ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti tàn ká ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Labalábá òru ni ìyá kòkòrò náà. Ó máa ń yé ẹyin rẹ̀ sí ara ewé. Bí ẹyin bá pa, ìdin rẹ̀ a wọ inú ọ̀mùnú àgbàdo lọ, a sì máa jẹ ẹ́ láti inú. Àgbẹ̀ tí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì gbàgbé oko rẹ̀ lè bá igi tí ó lu bí ajere.

Ìdí nìyí tí oògùn fi pọ̀ sí i ní oko. Ṣùgbọ́n bí oògùn ti ń pọ̀ ni ewu ń pọ̀. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ̀ láti máa gba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, nítorí pé oògùn apakòkòrò tí ń jẹ́ dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n tí òfin wọn gbà lọ. Àjọ NAFDAC fòfin de gbígbé oògùn apakoríko paraquat wọ ìlú àti ṣíṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó sì ṣe bákan náà sí atrazine láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Kí a má ṣe gbàgbé pé ẹ̀wà tí wọ́n dá padà ní òkè òkun, irú rẹ̀ ni a ń sè fún àwọn ọmọ wa.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ TI Ń ṢIṢẸ́

Dúróònù ni orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é. Ọkọ̀ òfúrufú kékeré ni, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn máa ń ní apá mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, abẹ̀bẹ̀ kan sì wà lórí apá kọ̀ọ̀kan tí ń yí bíríbírí. Agolo oògùn wà ní ikùn rẹ̀. Òmíràn ń gba lítà 10, òmíràn sì tó lítà 40. Iná bátìrì ni ó ń lò. Ẹni tí ń darí rẹ̀ dúró sí ẹ̀bá oko pẹ̀lú ẹ̀rọ ìdarí lọ́wọ́. Ó ti kọ́kọ́ yàwòrán ààlà oko sínú ẹ̀rọ náà, sátẹ́láìtì ojú ọ̀run sì ń tọ́ ọ sọ́nà kí ó má baà yà sínú oko ẹlòmíràn. Bíi mítà méjì sí mẹ́ta ni ó ń fò sókè orí ohun ọ̀gbìn. Afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ sísàlẹ̀ ni ó ń ti oògùn náà mọ́ ewé.

Ibi tí ó ti yàtọ̀ sí pọ́ǹpù jù lọ ni omi. Nítorí pé ẹ̀kán oògùn tí ń ti ẹnu rẹ̀ jáde kéré púpọ̀, bíi lítà 10 sí 20 ni ó sábà máa ń lò fún hẹ́kítà kan, níbi tí pọ́ǹpù ti ń lo 200. Iṣẹ́ tí yóò gba ènìyàn ní ọ̀pọ̀ wákàtí, ó lè ṣe é láàárín bíi ìdá mẹ́rin wákàtí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ru omi rí, ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: garawa kan dípò mẹ́wàá, kí ìyá àti ọmọ sì jìnnà sí ibi tí oògùn ti ń fò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní ọdún 1987 ni ilé-iṣẹ́ Yamaha ní ilẹ̀ Japan gbé hẹlikópítà kékeré kan jáde tí kò ní awakọ̀, kí wọ́n lè máa fi fọ́n oògùn sí oko ìrẹsì, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ti fi oko sílẹ̀ fún àwọn arúgbó. Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ DJI ti ilẹ̀ China gbé irú tiwọn jáde, láti ìgbà náà ni ó sì ti gbilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gáná, ilé-iṣẹ́ Acquahmeyer ń lo dúróònù láti wo ibi tí àrùn wà nínú oko kí wọ́n tó fọ́n oògùn sí i. Ní Nàìjíríà wa níbí, ilé-iṣẹ́ Beat Drone wà lára àwọn tí ń bá àgbẹ̀ fọ́n oko lówó. Àgbẹ̀ kò ní láti ra ẹ̀rọ náà. Ó lè háyà rẹ̀ bí a ti ń háyà katakata.

ṢÉ Ó DÁRA FÚN ILẸ̀ ÀTI OMI LÓÒÓTỌ́?

Ibí yìí ni kí ẹ ti farabalẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ ta ọjà kì í sọ gbogbo àbùkù rẹ̀.

Èkíní, omi ni ó dín kù. Kò túmọ̀ sí pé oògùn fúnra rẹ̀ dín kù. Bí ìwé ara ìgò bá ní lítà kan ni kí a lò fún hẹ́kítà kan, lítà kan náà ni dúróònù yóò gbé, àmọ́ nínú omi díẹ̀. Ohun tí ó ń dín oògùn kù ni kí a kọ́kọ́ yẹ oko wò, kí a mọ ibi tí kòkòrò wà, kí a sì fọ́n oògùn sí ibẹ̀ nìkan. Níbi tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ sinmi, kòkòrò oyin sinmi, omi odò náà sinmi. Níbi tí wọ́n bá ti ń da oògùn bo gbogbo oko bí òjò láìyẹ̀ ẹ́ wò, kò sí èrè kankan fún ilẹ̀.

Èkejì, ẹ̀kán oògùn tí ó kéré yára láti bá atẹ́gùn lọ. Nítorí pé oògùn inú rẹ̀ ki ju ti pọ́ǹpù lọ, èyí tí ó bá ṣìnà le ju bí a ti rò lọ. Ìdí nìyí tí òfin Yúróòpù ti ọdún 2009 fi ka fífọ́n oògùn láti òfúrufú léèwọ̀, àfi níbi tí wọ́n bá fún ènìyàn ní àyè pàtó. Ilẹ̀ Switzerland gba dúróònù láàyè ní ọdún 2019, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àyẹ̀wò ni. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà burú; ọ̀bẹ tí a fi ń bẹ iṣu náà lè bu ọwọ́. Ẹni tí ó dì í mú ni kí a wò.

Ẹ̀kẹta, a kò gbọdọ̀ gbàgbé ẹni tí iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí ó jẹ́ pé owó tí wọ́n ń gbà láti fọ́n oko olóko ni wọ́n fi ń bọ́ aya àti ọmọ. Ìmọ̀ràn wa ni pé àwọn náà ni kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ́ ní iṣẹ́ dúróònù. Ẹni tí ó ti mọ oògùn, tí ó mọ atẹ́gùn, tí ó sì mọ kòkòrò, ó ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Kò sì sí ìdí tí obìnrin kò fi lè kọ́ ọ, nítorí iṣẹ́ ojú àti ọpọlọ ni, kì í ṣe iṣẹ́ agbára.

TI Ọ̀TÀ YÀTỌ̀

Ní àwọn ibi tí oko ti lọ salalu, tí kò sí ilé nítòsí, ó rọrùn láti fi dúróònù fọ́n oògùn. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀tà, oko àti ilé ti wọ inú ara wọn. Odi ilé-iṣẹ́ wà ní apá kan, ilé ẹ̀kọ́ wà ní apá kejì, kànga aládùúgbò sì wà láàárín. Odò bí Àtùwàrà ti ń gbé ìnira ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò yẹ kí oko tún fi tirẹ̀ kún un. Nítorí náà, èrò wa ni pé oko àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ tí ó tóbi, tí ó jìnnà sí ilé àti omi, ni dúróònù yẹ. Fún ebè ewébẹ̀ tí ó wà lẹ́yìnkùlé, kò yẹ rárá.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Ní ọdún 2016 ni àjọ NCAA, tí ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú, kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò dúróònù láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààbò orílẹ̀-èdè. Ọ̀tà kò jìnnà sí pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sí àdúgbò yín tí ó ní òun fẹ́ fọ́n oko, ẹ bi í léèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má sì ṣe tijú:

Ǹjẹ́ ó ní ìwé àṣẹ? Oògùn wo ni ó fẹ́ lò, ǹjẹ́ NAFDAC sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Ọjọ́ wo àti wákàtí wo ni yóò wá, kí ẹ lè kó ọmọ, ẹran ọ̀sìn àti aṣọ tí ẹ sá sí òde wọlé, kí ẹ sì bo kànga? Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ gidi, ṣé yóò dúró? Ọjọ́ mélòó ni ó gbọdọ̀ kọjá kí a tó lè kórè? Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn láìbínú. Ẹni tí ó bá fi ìbínú dáhùn ìyá ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ kí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍ ỌWỌ́ ÌYÁ ILÉ

Kí dúróònù tó dé ọ̀dọ̀ wa, àti lẹ́yìn tí ó bá dé, àwọn nǹkan kan wà tí kò sí ẹ̀rọ tí ó lè bá wa ṣe é.

Ẹ má ṣe gbé ọmọ pọ̀n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́n oògùn. Aboyún àti ẹni tí ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ po oògùn. Bí baálé bá ti oko oògùn dé, kí ó bọ́ aṣọ, kí ó wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ kí ó tó gbé ọmọ, bí ó ti wù kí ọmọ náà máa sáré sí i tó. Aṣọ oko náà, ẹ fi ìbọ̀wọ́ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú ọpọ́n tirẹ̀, kí ẹ sì sá a sí oòrùn. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ nínú odò.

Ike oògùn kì í di ike epo pupa láé, bí ó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Kí ẹni tí ń fọ́n oògùn fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó da omi náà sínú pọ́ǹpù, kí ó sì gún ike náà ní ihò kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lò mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò gbọdọ̀ bu oògùn sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí pé ọmọdé kò mọ̀ ju pé ohun mímu ni ó wà nínú rẹ̀.

Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu oògùn, ẹ má ṣe fi epo pupa rọ ọ́. Ó dùn wá láti sọ ọ́, nítorí pé ìfẹ́ ni ó ń mú kí àwọn ìyá wa ṣe é. Ṣùgbọ́n epo pupa kì í pa oró oògùn wọ̀nyí. Ó lè mú kí ọmọ bì, kí èébì sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ há a lọ́fun. Ẹ mú ìgò oògùn náà dání, kí ẹ sì gbé ọmọ sáré lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà lè mọ ohun tí ó mu.

Ewébẹ̀ tí ẹ bá rà ní ọjà, ẹ ṣàn án nínú omi tí ó mọ́ bíi ìgbà mẹ́ta, kí ẹ máa ya ewé rẹ̀ kúrò lára ara wọn. Ẹ má ṣe fi ọṣẹ ìfọṣọ tàbí oògùn tí a fi ń sọ aṣọ di funfun fọ̀ ọ́. Síbẹ̀, oògùn mìíràn a máa wọ inú ewé, omi kò sì lè yọ ọ́. Nítorí náà, ó dára kí ẹ ní oníbàárà kan tí ẹ mọ̀, tí ẹ lè bi pé: "Ẹ̀yin Ìyá Elẹ́fọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni wọ́n fọ́n oògùn sí èyí kẹ́yìn?" Bí oníbàárà bá bèèrè, ẹni tí ń tà yóò bèèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀, àgbẹ̀ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ara ìgò.

Ẹni tí ó ní ebè díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ni dúróònù tirẹ̀. Bí ẹ bá ń yẹ àgbàdo wò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ ó rí ẹyin kòkòrò náà ní ìdì-ìdì lábẹ́ ewé. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ pa. Àgbẹ̀ mìíràn a máa bu eérú sínú ọ̀mùnú tí ìdin ti wọ̀. Èso dóńgóyárò tí a gún, tí a rẹ sínú omi mọ́jú, tí a sì sẹ́, a máa lé ọ̀pọ̀ kòkòrò sẹ́yìn lára ewébẹ̀.

ÌPARÍ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ obìnrin tí a fi sílẹ̀ ní ẹ̀bá oko. Bí òun àti ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò bá kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí oko wọn sì sún mọ́ ara wọn, wọ́n lè dá owó háyà dúróònù kan ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Omi tí yóò pọn yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, yóò sì ti gbé ọmọ rẹ̀ jìnnà kí ẹ̀rọ náà tó gbéra. Ṣùgbọ́n bí agbára wọn kò bá tíì ká a, ọ̀nà kan wà tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀: kí baálé fúnra rẹ̀ pọnmi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ sínú àgbá, kí iyawo rẹ̀ sì jókòó sílé pẹ̀lú ọmọ ní òwúrọ̀ Sátidé.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ bá àwọn baálé yín sọ ọ́ ní àkókò tí inú wọn dùn, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé àgbàdo tí kòkòrò jẹ, a lè gbin òmíràn lọ́dún tí ń bọ̀; ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, ọjà kan kò sí tí a ti í rà á.